Ẹ má sọ Sita di odi
Mo ka ìròyìn kan tó ní àwọn kan ń bínú sí òǹkọ̀wé tó bá jẹ́ kí Ravana, ọba Lanka tó jẹ́ ọ̀tá Rama nínú Ramayana, ìtàn àtijọ́ ilẹ̀ India, sọ ìtàn ara rẹ̀. Mi ò gbà pẹ̀lú wọn. Kì í ṣe òní ni irú ìtàn bẹ́ẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní 1861, Michael Madhusudan Dutt ti fi èdè Bengali kọ ewì gígùn tó sọ Meghnad, ọmọ Ravana, di akọni. Ní Bisrakh, nítòsí Delhi, ọmọ ìlú wọn ni wọ́n ka ọba Lanka yìí sí. Ohun tó ń dùn mí ni pé, bí àwọn òǹkọ̀wé ṣe ń tún ìwà rẹ̀ ṣe, ṣe ni wọ́n ń sọ Sita, ìyàwó Rama, di odi tí kò lè sọ tẹnu rẹ̀. Obìnrin tí Ravana jí gbé, tó halẹ̀ mọ́, tí kò sì gbà fún un títí ogun fi parí!