Owó oṣù Gérard Philipe ló wù mí ju ẹwà rẹ̀ lọ

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí lọ́kàn mi, ẹni tí kò bá tẹ́ lọ́rùn kó dá mi lóhùn nísàlẹ̀. Ìgbàkígbà tí wọ́n bá ti dárúkọ Gérard Philipe, òṣèré ilẹ̀ Faransé ayé àtijọ́ yẹn, nǹkan méjì náà ni wọ́n máa ń sọ: ó rẹwà, ó sì kú ní rèwerèwe. Irọ́ kọ́. Ọmọ ọdún 36 péré ni nígbà tí jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ pa á ní Paris ní November 25, 1959. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń fọwọ́ ara rẹ̀ ya ojú ara rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ń mú ọjọ́ ikú. Ohun tí ọkùnrin yìí fúnra rẹ̀ yàn ló yẹ ká máa sọ. Lọ́dún 1951, nígbà tí fíìmù ti sọ ọ́ di ẹni tí gbogbo Faransé mọ̀, ó wọ ẹgbẹ́ eré orí ìtàgé kan tí wọ́n ti ń san owó oṣù kan náà tí wọ́n ń san fún àwọn yòókù fún un, tí wọ́n sì ń to orúkọ òṣèré sórí ìwé ìpolówó ní a, b, d. P ni tirẹ̀. Ẹ wá orúkọ rẹ̀ nísàlẹ̀.

Ìlú Cannes ni wọ́n bí i sí ní December 4, 1922. Philip ni orúkọ bàbá rẹ̀. Òun ló fi e kan kún un nígbà tó di òṣèré. Nice ló ti kọ́kọ́ gun orí ìtàgé lọ́dún 1942, nígbà tí ogun ti lé ọ̀pọ̀ àwọn eléré kúrò ní Paris wá sí gúúsù. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e ó ti dé Paris, ó ń ṣe áńgẹ́lì nínú eré kan tí òǹkọ̀wé Giraudoux kọ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá di ẹtì nìyí. Bàbá rẹ̀, Marcel, wà nínú ẹgbẹ́ òṣèlú tó ń bá àwọn ará Jámánì tó gba ilẹ̀ wọn ṣe. Ọmọ, ní tirẹ̀, wà lára àwọn tó wà ní Hôtel de Ville, ilé ìjọba ìlú Paris, ní August 1944 nígbà tí àwọn ará Paris dìde láti lé Jámánì lọ. Lẹ́yìn ogun, ilé ẹjọ́ dájọ́ ikú fún bàbá náà láì sí níbẹ̀. Ó ti sá lọ sí Sípéènì. Gérard kò fara mọ́ ohun tí bàbá rẹ̀ ṣe, síbẹ̀ kò kọ̀ ọ́ ní bàbá. Mi ò mọ bí èèyàn ṣe ń gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀, tí yóò tún máa rẹ́rìn-ín fún àwọn oníròyìn.

Eré tó sọ ọ́ di ọ̀gá lórí ìtàgé ni Caligula, tí Albert Camus kọ, lọ́dún 1945. Ọmọ ọdún 22 ni, òun ló ṣe ọba Róòmù tí agbára gùn. Ọdún méjì lẹ́yìn náà ni fíìmù Le Diable au corps jáde, níbi tó ti ṣe ọmọ ilé ìwé tó ń fẹ́ ìyàwó sójà tó wà lójú ogun. Ariwo sọ. Ogun ńlá kan ṣẹ̀ṣẹ̀ parí, ta ló fẹ́ gbọ́ pé ìyàwó sójà ń yàn àlè? Ariwo yẹn náà ló gbé e dé ibi gbogbo.

Nísinsìnyí, Jean Vilar. Vilar ló dá àjọ̀dún eré ìlú Avignon sílẹ̀ lọ́dún 1947, nínú àgbàlá ààfin tí àwọn Póòpù ń gbé láyé ọjọ́un, lábẹ́ ọ̀run gbangba. Ó ti bẹ Philipe tẹ́lẹ̀ pé kó wá ṣe Le Cid, eré tí Corneille kọ ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún mẹ́ta ọdún ṣáájú ìgbà náà. Philipe kọ̀, ó ní irú eré bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ti òun. Ìgbà tó yá, òun fúnra rẹ̀ ló lọ bá Vilar nínú yàrá ìmúra lẹ́yìn eré kan, ó ní òun ti ṣe tán láti bá a ṣiṣẹ́. Ní July 1951, ó ṣe Rodrigue nínú Le Cid ní Avignon, ó sì ṣe ọmọ aládé Hombourg nínú eré tí Kleist, òǹkọ̀wé ará Jámánì, kọ. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó gbọ́dọ̀ fi ẹ̀jẹ̀ wẹ ẹ̀gàn kúrò lórí bàbá rẹ̀ ni Rodrigue. Èmi ò lè ka èyí kí n má rántí Marcel ní Sípéènì, bẹ́ẹ̀ n kò rí i kà pé òun náà sọ bẹ́ẹ̀. Aṣọ Rodrigue yẹn ni wọ́n wọ̀ fún un tí wọ́n fi sin ín ní Ramatuelle, abúlé kan ní gúúsù Faransé.

Lọ́dún 1951 kan náà ni ìjọba gbé Théâtre National Populaire (TNP), ẹgbẹ́ tí mo sọ níbẹ̀rẹ̀ yẹn, lé Vilar lọ́wọ́. Gbọ̀ngàn Chaillot ní Paris ni ibùdó wọn, àga ibẹ̀ lé ní 2,500. Ẹ wo ohun tí Vilar ṣe: ó mú owó tíkẹ́ẹ̀tì wálẹ̀, ó mú eré bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́jọ kí òṣìṣẹ́ lè rí ọkọ̀ ojú irin wọ̀ lọ sílé, ó ní kí ẹnikẹ́ni má fún àwọn tó ń júwe àga lówó mọ́, ó ń ta ìwé eré náà gan-an ní owó pọ́ọ́kú. Kí gbọ̀ngàn tó wà ní sẹpẹ́, wọ́n lọ sí Suresnes, ìgbèríko àwọn òṣìṣẹ́, wọ́n ṣeré ní ìparí ọ̀sẹ̀, wọ́n jẹun pẹ̀lú àwọn òǹwòran, wọ́n jó. Philipe wà níbẹ̀. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, fíìmù rẹ̀ Fanfan la Tulipe jáde, èèyàn tó lé ní mílíọ̀nù 6 wò ó ní Faransé nìkan, òun sì ń bá ẹgbẹ́ TNP rìn kiri síbẹ̀.

Mo ti ń gbọ́ yín: “Ṣebí fíìmù ń sanwó fún un, ó rọrùn fún un láti ṣe onírẹ̀lẹ̀.” Mo gbà. Ẹni tí kò ní fíìmù kankan nínú ẹgbẹ́ náà kò ní irú àyè yẹn. Ṣùgbọ́n gbogbo oṣù tó lò ní Chaillot àti lójú ọ̀nà jẹ́ oṣù tí kò fi ya fíìmù, bẹ́ẹ̀ ìgbà yẹn ni ọjà rẹ̀ tà jù lọ.

Ohun tó tún yẹ kí ẹ bi mí ju ìyẹn lọ nìyí: ẹgbẹ́ tó ní òun kò fẹ́ ìràwọ̀, ta ló ń kún gbọ̀ngàn rẹ̀? Ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì Corneille, Fanfan ni wọ́n wá wò. Vilar kò jẹ́ kọ orúkọ rẹ̀ gàdàgbà, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí kò mọ̀ pé ó ń bẹ níbẹ̀. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Èmi kò rí ẹ̀tàn níbẹ̀. Òkìkí rẹ̀ ló fi ra àyè fún àwọn tí kò ní òkìkí, láìgba owó kankan kún owó oṣù rẹ̀.

Gbogbo rẹ̀ kọ́ ló dáa ṣá. Fíìmù kan ṣoṣo tó darí, Till l'Espiègle ti 1956, kò dùn. Wọ́n bú u, ó sì tọ́ sí èébú. Àwọn ọ̀dọ́ oníwèé ìròyìn bíi Truffaut kò tilẹ̀ fẹ́ rí i sójú, wọ́n ní fíìmù àwọn àgbà ayé àtijọ́ ló ń ṣe. Àwọn kan nínú fíìmù rẹ̀ gbó lóòótọ́.

Lọ́dún 1957 ló wá kọ ọ̀rọ̀ kan sínú ìwé ìròyìn, àkọlé rẹ̀ ni pé òṣèré kì í ṣe ajá. Àwọn òṣèré tí iṣẹ́ kò tó, tí owó wọn kò tó nǹkan, ló ń jà fún. Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ òṣèré tó ti pínyà para pọ̀ di ọ̀kan lọ́dún 1958, òun ni wọ́n fi ṣe ààrẹ. Ẹgbẹ́ yẹn, SFA, ṣì ń ṣiṣẹ́ títí dòní.

Ẹni tó bá fẹ́ wò ó, kó má fi Fanfan bẹ̀rẹ̀. Kó wá Monsieur Ripois, tí René Clément yà ní London, tó gba ẹ̀bùn ní Cannes lọ́dún 1954. Níbẹ̀ ló ti lo ojú dáadáa yẹn láti ṣe òpùrọ́ tó ń tan obìnrin kan tẹ̀ lé òmíràn, tí ebi sì ń lé kiri ìgboro. Mo dúró lé e pé iṣẹ́ rẹ̀ tó dáa jù nínú fíìmù nìyẹn. Ẹ̀yin tí ẹ fara mọ́ fíìmù rẹ̀ Le Rouge et le Noir, ó yá, ẹ wá bá mi jà.