Ẹ̀rín ọ̀gá kì í ṣe owó oṣù

Láàárọ̀ yìí, ẹnì kan tí a jọ ṣiṣẹ́ ìtẹ̀wé rí ní Ṣómólú gbé fọ́tò ọ̀gá wa àtijọ́ síta. "Ọ̀gá tó dáa jù láyé! Ẹ̀mí yín á gùn, sà." Àwọn èèyàn ń ṣe àmín lábẹ́ rẹ̀ bí ẹni wà ní ìsọjí. Orí mi gbóná.

Lóòótọ́, bàbá yẹn kì í ṣahun. Tí ìyàwó ẹ bá bímọ, àpò ìrẹsì á dé. Orí bẹ́ǹṣì kan náà la ti jọ ń jẹ àmàlà, "ẹbí mi" ló sì ń pè wá. Àmọ́ tí oṣù bá parí, ẹbí ò ní rówó gbà títí di ọjọ́ 12, nígbà míì ọjọ́ 18. Kọ́sítọ́mà ò tíì sanwó, ni wọ́n á wí. Ní 2019, tí pósítà ìdìbò ń jáde lórí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé Kord tọ̀sán-tòru, ohun tí wọ́n ń wí náà nìyẹn. Nígbà tí ìjọba sọ owó oṣù tó kéré jù di 30,000 náírà lọ́dún yẹn, a mẹ́nu bà á. Wọ́n ní ṣé ìjọba ló gbà wá síṣẹ́ ni.

Ẹ má sọ fún mi pé àwọn ló kọ́ mi níṣẹ́ o. Mo sanwó ìkọ́ṣẹ́, mo ṣe fírídọ́ọ̀mù.

Ọ̀dọ̀ màdáàmù kan ni mo lọ lẹ́yìn ìyẹn. Ojú líle! Ọdún mẹ́ta, mi ò rí eyín wọn. Lọ́jọ́ kan mo tẹ káàdì ìgbéyàwó 500, mo gbé ọjọ́ 14 síbi tó yẹ kí ọjọ́ 21 wà. Ìyá ìyàwó dé, ariwo ta. Màdáàmù dìde: "Ẹ má bínú, màmi. Èmi ni mo yẹ̀ ẹ́ wò kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́. Èmi ni kẹ́ ẹ bá wí." Irọ́ gbáà! Wọn ò sí ní ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ yẹn rárá. Nígbà tí ìyá náà lọ tán, wọ́n pè mí sẹ́yìn ẹ̀rọ tí a fi ń gé pépà, wọ́n sọ̀rọ̀ sí mi títí omi fi bọ́ lójú mi. Òru yẹn la tún káàdì tẹ̀, wọ́n dúró tì mí. Ọjọ́ 25 pé, owó mi pé. Wọn ò yọ kọ́bọ̀. Bẹ́ẹ̀, nítorí kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì kan ṣoṣo, oṣù mẹ́ta ni bàbá ẹlẹ́rìn-ín fi gé owó mi.

Ta ló máa gbé fọ́tò màdáàmù síta? Èmi gan-an ò mọ ọjọ́ ìbí wọn.

Mo ti kọ gbogbo èyí tán kí n tó rántí pé èmi náà ti gba ọmọ méjì síṣẹ́ báyìí. Òní ni ọjọ́ 4, mi ò tíì san owó oṣù tó kọjá. Pépà ti wọ́n, kọ́sítọ́mà kan sì jẹ mí lówó, lóòótọ́ ni o. Lánàá mo ra súyà fún wọn. Èyí àbúrò ní, "Ọ̀gá, ẹ ṣèèyàn gan-an o."