Òwò Tí Àdá Mọ̀

Àwọn àgbà ní ikú ogun ní í pa akíkanjú, ikú odò ní í pa òmùwẹ̀, òwò tí àdá bá mọ̀ ní í ká àdá léyín. Bí ọlọ́pàá bá kú sẹ́nu iṣẹ́, òwe yìí kì í pẹ́ dé ẹnu àwọn èèyàn. Ẹni tó ń pa á lè máà ní ibi nínú, ó kàn fẹ́ tu ara rẹ̀ nínú ni. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n ń fi í pa ọ̀rọ̀ mọ́ni lẹ́nu: ṣebí ó mọ̀ pé iṣẹ́ eléwu ni kó tó wọṣẹ́, kí la tún ń wí?

Èmi ò gbà pé ibẹ̀ lòwe náà parí sí. Eyín àdá kì í ṣàdédé ká. Igbó ẹnìkan ló ń ṣán lọ́wọ́. Ẹni tó ni oko, tó ń gba ojú ọ̀nà tí àdá ṣán kọjá, kò lè wá dúró tì í kó ní ẹjọ́ àdá ni. Gbèsè ni òwe yìí ń sọ, ọrùn àwa tí a sùn àsùnwọra ni gbèsè náà sì wà.

Ẹ wo Yvonne Fletcher. Ọmọ ọdún 25 ni, ọlọ́pàá ìlú London. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹrin ọdún 1984, wọ́n ní kó wá ṣọ́ àwọn tó ń fẹ̀hónú hàn níwájú ilé iṣẹ́ aṣojú Líbíà ní St James's Square. Ìjà àwọn ọmọ Líbíà láàárín ara wọn ni, kò kàn án rárá. Láti inú ilé yẹn ni wọ́n ti yìnbọn, ọta bà á, ó sì kú. Títí di òní, wọn ò tíì dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi ìpànìyàn náà ní kóòtù ọ̀daràn. Ohun tó wú mi lórí ni pé ìjọba kọ́ ló kọ́kọ́ dìde láti gbé òkúta ìrántí rẹ̀ kalẹ̀. Michael Winner, ẹni tó ń ṣe fíìmù, ló dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ fún un, nígbà tó sì di ọdún 1985, òkúta náà ti wà níbi tó ṣubú sí. Ará ìlú lásán ló mọ̀ pé òun jẹ gbèsè.

Íńdíà náà kò gbàgbé. Ọjọ́ 21 oṣù Kẹwàá ni wọ́n yà sọ́tọ̀ lọ́dọọdún fún ìrántí àwọn ọlọ́pàá tó kú sẹ́nu iṣẹ́, nítorí ọjọ́ náà lọ́dún 1959 ni àwọn ọmọ ogun Ṣáínà pa ọlọ́pàá mẹ́wàá ní Hot Springs, lágbègbè Ladakh. Ọjọ́ 15 oṣù Karùn-ún ni ti Amẹ́ríkà, láti ọdún 1962. Orúkọ tó wà lára ògiri ìrántí wọn ní Washington ti lé ní 20,000, ọdọọdún ni wọ́n sì ń fín tuntun kún un.

Ikú ogun tí òwe wí yìí, kì í ṣe ìbọn nìkan o. Lọ́dún 2020 àti 2021, àrùn COVID-19 ló pa ọlọ́pàá jù ní Amẹ́ríkà, ẹnu iṣẹ́ ni wọ́n ti kó o. Àwọn mìíràn dúró lẹ́bàá títì, wọ́n ń ran ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ bàjẹ́ lọ́wọ́, awakọ̀ kan tó ń sáré sì gbá wọn pa. Ìdí nìyí tí gbogbo ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà fi ṣòfin pé kí awakọ̀ tó bá rí iná ọkọ̀ ọlọ́pàá lẹ́bàá ọ̀nà yà fún wọn tàbí kó dẹwọ́ eré. Ẹni tó bá ń gbé òdòdó lọ síbi ìrántí, tí kì í sì í dẹwọ́ eré, n ò mọ irú ìrántí tó ń ṣe.

Wọ́n tún máa ń ní bí a kú là á dère, èèyàn ò sunwọ̀n láàyè. Mo mọ̀ pé àwọn kan ń bẹ̀rù pé bí a bá ń yin ọlọ́pàá tó kú, a ó bo àṣìlò agbára àwọn tó wà láàyè mọ́lẹ̀. Ìbẹ̀rù tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ ni. Àmọ́ orúkọ èèyàn kan ṣoṣo ni a ń pè, kì í ṣe ti gbogbo ẹni tó wọ irú aṣọ bẹ́ẹ̀. Kí a sì pè é bó ṣe rí gan-an: bó bá jẹ́ oníbìínú, kí a sọ ọ́. Ọmọ tó fi sílẹ̀ á fẹ́ mọ bàbá tó bí i, ère kò lè dá a lóhùn.

Ọ̀rọ̀ ìdílé wọn ló sì kù. Lọ́jọ́ ìsìnkú, èrò á pọ̀, fèrè á dún. Nígbà tó bá di oṣù mẹ́ta lẹ́yìn ìsìnkú ni kí ẹ lọ sílé wọn. Òfin wà ní Amẹ́ríkà láti ọdún 1976 tó ní kí ìjọba àpapọ̀ san owó fún ìdílé ọlọ́pàá tó bá kú sẹ́nu iṣẹ́, ṣùgbọ́n owó náà kì í dédé wá bá opó nílé. Fọ́ọ̀mù ń bẹ láti kọ, ìwé ẹ̀rí ikú, ìwé ìgbéyàwó, àlàyé láti ibi iṣẹ́ olóògbé. Obìnrin tí oorun ò kùn lójú rẹ̀ ló máa to gbogbo rẹ̀ jọ. Ẹ bá a jókòó, kí ẹ bá a kọ ọ́, kí ẹ sì bá a gbé e lọ.