^@ yìí ti sú mi

Gbogbo ìgbà tí mo bá kọ skrípítì fún Vim (ètò tí a fi ń kọ kóòdù), tí mo ní kí system(), tó ń bá Vim pe àṣẹ ìta, bá mi bi git (ètò tó ń tọ́jú àwọn ẹ̀dà kóòdù) léèrè ẹ̀ka tí mo wà, kí setline() sì kọ ọ́ sórí ìlà kìíní, `main^@` ni mo máa rí. Ta ló pe ^@ síbẹ̀?

Mo mọ ibi tó ti wá. Àmì ìlà tuntun tí git fi parí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni. Bí ẹ bá lo `$(...)` nínú ṣẹ́ẹ̀lì (ètò tí a ń tẹ àṣẹ sí), ṣẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀ á gé e dànù. Ṣùgbọ́n system() á gbé e lé yín lọ́wọ́ bẹ́ẹ̀, bí ẹni ta ẹja láìyọ ìpẹ́. Ẹ wá fi wé 'main', Vim á ní wọn ò dọ́gba. Odidi ọ̀sán kan ni mo fi wá àṣìṣe yẹn!

Wọ́n á ní ẹ lo trim(), tó ń gé àlàfo àti àmì ìlà tuntun kúrò ní etí ọ̀rọ̀. Ó dáa, àmọ́ bí ẹ kò bá sọ fún un pé ẹ̀yìn nìkan ni kó gé, á gé iwájú náà. Nínú `git status --porcelain`, tó ń to àwọn fáìlì tó yí padà, àlàfo iwájú yẹn ní ìtumọ̀: ` M` yàtọ̀ sí `M `. systemlist(), tó ń dá èsì padà ní ìlà-ìlà, ńkọ́? Lórí Windows, ^M (àmì CR tó máa ń wà ní ìparí ìlà níbẹ̀) lè tún lẹ̀ mọ́ ìdí ìlà kọ̀ọ̀kan.

Kí ló dé tí èmi ni mo gbọ́dọ̀ máa gbálẹ̀ yìí lójoojúmọ́?