Ìgbẹ́ Rẹ̀ Ṣì Gbóná

(Àsìkò ọdẹ àgbọ̀nrín ní Amẹ́ríkà ti wọ ọ̀sẹ̀ kẹfà. Bàbá Bọ́lá ń ti igbó bọ̀. Ìbọn rẹ̀ wà léjìká, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sì ṣófo. Ẹ ti mọ bó ṣe máa rí.)

ÌYÁ BỌ́LÁ: Ẹ káàbọ̀ o, Bàbá Bọ́lá. Ṣé kí n wá bá yín gba ẹrù?

BÀBÁ BỌ́LÁ: Ẹrù wo?

ÌYÁ BỌ́LÁ: Ohun témi náà ń bi yín nìyẹn.

BÀBÁ BỌ́LÁ: Má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Tòní yàtọ̀ sí tàná. Mo rí ìgbẹ́ rẹ̀.

ÌYÁ BỌ́LÁ: Ìgbẹ́ ta ni?

BÀBÁ BỌ́LÁ: Ti àgbọ̀nrín! Roboto-roboto, ó ń dán bí ìlẹ̀kẹ̀. Mo fọwọ́ kàn án, ó ṣì gbóná!

ÌYÁ BỌ́LÁ: Ẹ fọwọ́ kàn án. Ọwọ́ wo?

BÀBÁ BỌ́LÁ: Èyí.

ÌYÁ BỌ́LÁ: Ẹ gbé e kúrò lórí àga mi.

BÀBÁ BỌ́LÁ: Ìwọ ò mọ iṣẹ́ ọdẹ ni. Bí ìgbẹ́ bá ṣì gbóná, ẹni tó yà á ò tíì jìnnà.

ÌYÁ BỌ́LÁ: Ẹ jẹ́ ká ṣèṣirò. Lọ́sẹ̀ kìíní, ẹ rí ìrù rẹ̀. Lọ́sẹ̀ kẹta, ẹ rí ojú ẹsẹ̀ rẹ̀ nílẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹ rí igi tó fi ìwo ha. Lónìí, ìgbẹ́. Bàbá Bọ́lá, ṣé ẹ ò rí i pé ńṣe lẹ ń padà sẹ́yìn? Tó bá máa fi dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹ ó wá sọ fún mi pé ẹ gbọ́ òórùn isó rẹ̀.

BÀBÁ BỌ́LÁ: Má fojú kéré ìrù ọjọ́ yẹn o. Mo rí i kedere. Funfun báláú! Ó nà án sókè gbọnrangandan.

BỌ́LÁ: Dádì, tí irú àgbọ̀nrín onírù funfun yẹn bá ti na ìrù sókè báyẹn, ó ti mọ̀ pé ẹ wà níbẹ̀ nìyẹn. Ó ti ń sá lọ.

ÌYÁ BỌ́LÁ: Ó ń juwọ́ ó dàbọ̀ sí yín. Ìdí àgbọ̀nrín nìkan lẹ mọ̀ láyé yìí. Tí wọ́n bá to ojú wọn sílẹ̀, ẹ ò lè tọ́ka sí ẹyọ kan. Wọ́n ní àgbọ̀nrín èṣí lẹnì kan ń jẹ lọ́bẹ̀. Ẹni yẹn gan-an rí ṣe! Nílé tiwa, ti èṣí ò sí, tọdún yìí ò wá.

(Fóònù dún. Má-Sọ̀rètínù, ọ̀rẹ́ Bàbá Bọ́lá, ni. Ẹ mọ irú ọ̀rẹ́ tó jẹ́ pé ìgbà tí nǹkan bá bà jẹ́ fún yín nìkan ló máa ń ní owó ìpè.)

MÁ-SỌ̀RÈTÍNÙ: Ọdẹ aperin! Akínkanjú! Kìnnìún inú igbó! Báwo ni?

BÀBÁ BỌ́LÁ: A dúpẹ́. Ìgbẹ́ ni mo rí lónìí.

MÁ-SỌ̀RÈTÍNÙ: Ìgbẹ́! Ẹ gbọ́ nǹkan ayọ̀! Ṣé o mọ̀ pé kò sí ẹran tí ọdẹ pa rí tí kò kọ́kọ́ yàgbẹ́?

ÌYÁ BỌ́LÁ: Bàbá Bọ́lá, ẹ tan ohùn fóònù yẹn sókè, kí gbogbo ilé jọ gbọ́gbọ́n.

MÁ-SỌ̀RÈTÍNÙ: Ìgbẹ́ ni ìbẹ̀rẹ̀ ẹran! Ẹni tó bá rí ìgbẹ́ lónìí, ìdí tó yà á ló máa rí lọ́la!

ÌYÁ BỌ́LÁ: Ìdí ló ti ń rí bọ̀ látọ̀sẹ̀ kìíní, sà.

MÁ-SỌ̀RÈTÍNÙ: Ṣé o rò pé ó rọrùn fún èmi náà ni? Wọ́n ṣí àsìkò, n ò rí nǹkan kan. Mo jìyà! Mo sunkún! Mo ní kí n ta ìbọn mi! Nígbà tó di ọjọ́ kejì ni mo tó pa ti àkọ́kọ́.

BÀBÁ BỌ́LÁ: Ọjọ́ kejì.

MÁ-SỌ̀RÈTÍNÙ: Odindi ọjọ́ kan gbáko ni mo fi fara dà á! Ṣùgbọ́n mo di ìrètí mú. Ó dáa, sọ fún mi, aago mélòó lo ń jí?

BÀBÁ BỌ́LÁ: Aago 4 ìdájí.

MÁ-SỌ̀RÈTÍNÙ: O pẹ́ jù! Aago 3 ni.

BÀBÁ BỌ́LÁ: Aago 3 ni mo jí lánàá.

MÁ-SỌ̀RÈTÍNÙ: O yá jù! Wọ́n á ti gbọ́ ẹsẹ̀ ẹ. Atẹ́gùn ńkọ́? Ibo ló ń fẹ́ sí?

BÀBÁ BỌ́LÁ: Ó ń tọ̀dọ̀ wọn bọ̀ lọ́dọ̀ mi. Wọn ò lè gbóòórùn mi.

MÁ-SỌ̀RÈTÍNÙ: Ìyẹn dáa. Á jẹ́ pé inú ẹ ló kù. Ṣé o gbà gbọ́ pé wàá pa á?

BÀBÁ BỌ́LÁ: Mo gbà gbọ́.

MÁ-SỌ̀RÈTÍNÙ: Ẹnu lásán nìyẹn. Jẹ́ kó ti ikùn wá!

BÀBÁ BỌ́LÁ: MO GBÀ GBỌ́!

ÌYÁ BỌ́LÁ: Gbogbo àgbọ̀nrín tó kù nínú igbó ti gbọ́ náà. Wọ́n ti ṣí lọ.

MÁ-SỌ̀RÈTÍNÙ: Aṣọ ọdẹ ẹ ńkọ́? Kí ni wọ́n fi ń fọ̀ ọ́?

(Bàbá Bọ́lá rọra yíjú sí ìyàwó rẹ̀. Ọkùnrin tó ti ń wá ẹni tó máa di ẹ̀bi rù láti ọ̀sẹ̀ mẹ́fà!)

BÀBÁ BỌ́LÁ: Ìyá Bọ́lá. Ọṣẹ wo lo fi ń fọ aṣọ mi?

ÌYÁ BỌ́LÁ: Èyí tó ń ta sánsán.

BÀBÁ BỌ́LÁ: Ó ń ta sánsán! Ẹranko tó jẹ́ pé imú ló fi ń ṣayé, o wá ń fín lọ́fínńdà fún un! O ti pa mí! Ìwọ lo lé ẹran mi lọ!

ÌYÁ BỌ́LÁ: Bàbá Bọ́lá, ọ̀sẹ̀ 3 rèé tẹ́ ẹ ti ní ẹ ò ní wẹ̀ mọ́, kí ẹran má baà gbóòórùn ọṣẹ lára yín. Òórùn sánsán wo ló kù? Kì í ṣe àgbọ̀nrín nìkan ló ń sá fún yín o. Èmi náà ti na ìrù sókè.

BÀBÁ BỌ́LÁ: Ẹ̀wù aláwọ̀ ọsàn tí òfin ní kí n máa wọ̀ yẹn náà wà níbẹ̀. Ó pọ́n jù. Wọ́n ń rí mi lókèèrè.

BỌ́LÁ: Rárá, Dádì. Ojú àgbọ̀nrín kì í rí àwọ̀ ọsàn bíi tiwa. Búlúù ló máa ń rí dáadáa.

BÀBÁ BỌ́LÁ: Ṣé o rí i? N ò ní nǹkan búlúù kankan lára.

BỌ́LÁ: Fìlà yín ńkọ́?

(Gbogbo wọn wo fìlà. Búlúù ni, búlúù tó ń tàn yòò. Wọ́n kọ MÁ SỌ̀RÈTÍ NÙ gàdàgbà síwájú rẹ̀.)

ÌYÁ BỌ́LÁ: Ta ló fi ìyẹn ta yín lọ́rẹ?

MÁ-SỌ̀RÈTÍNÙ: Hẹ́lò? Hẹ́lò? Ẹ ò gbọ́ mi dáadáa. Ẹ jẹ́ kí n kúkú máa bọ̀.

(Kò pẹ́ tó dé. Ó fi mọ́tò sẹ́nu ọ̀nà, iná iwájú kan ti fọ́. Ó ní òkúta ló ta lù ú. Ẹ fi òkúta yẹn sápò ná. Bọ́lá ti tan kọ̀ǹpútà, ó ń wo àwọn àwòrán tí kámẹ́rà inú igbó yà.)

BỌ́LÁ: Èyí, aago 2 òru. Akọ ni, ìwo rẹ̀ yọ ẹ̀ka 8.

BÀBÁ BỌ́LÁ: Yéè! Ẹran mi!

BỌ́LÁ: Òfin ò sì gbà kí ẹ yìnbọn lóru. Èyí, aago 12 ọ̀sán. Òun náà ni.

BÀBÁ BỌ́LÁ: Mo ti wálé wá jẹun nígbà yẹn.

BỌ́LÁ: Aago 12:40. Ó ń jẹko lábẹ́ ègùn yín gan-an.

BÀBÁ BỌ́LÁ: Mo ti ń padà bọ̀ lọ́nà.

BỌ́LÁ: Aago 12:55. Ó dùbúlẹ̀, ó ń jẹ àpọ̀jẹ.

BÀBÁ BỌ́LÁ: Mo ti dé etí igbó nígbà yẹn! Mo kàn yà lọ tọ̀ ni!

MÁ-SỌ̀RÈTÍNÙ: O rí i bó o ṣe sún mọ́ ọn tó! Ìtọ̀ nìkan ló wà láàárín yín!

BỌ́LÁ: Èyí ni aago 5 ìrọ̀lẹ́. Ó gbórí sókè, ó ń wo nǹkan kan lórí igi.

ÌYÁ BỌ́LÁ: Kí ló ń wò? Fẹ̀ ẹ́ kí n rí i, Bọ́lá. Fẹ̀ ẹ́ sí i. Bàbá Bọ́lá, ta lẹni tó lanu sílẹ̀ lórí ègùn yìí?

(Ilé pa lọ́lọ́.)

BÀBÁ BỌ́LÁ: Mo ń ṣàṣàrò ni.

ÌYÁ BỌ́LÁ: Itọ́ ń ṣàn lẹ́nu yín.

BÀBÁ BỌ́LÁ: Àṣàrò tó jinlẹ̀ ni.

ÌYÁ BỌ́LÁ: Ọpẹ́lọpẹ́ bẹ́líìtì tẹ́ ẹ fi so ara yín mọ́gi! Ẹran tẹ́ ẹ ń wá láti ọ̀sẹ̀ 6 wá bá yín lálejò, ẹ ń han-an-run fún un!

BỌ́LÁ: Ó dà bíi pé ó tiẹ̀ ń rẹ́rìn-ín.

ÌYÁ BỌ́LÁ: Ẹranko tí kò léyín iwájú kankan lókè! Òun náà rí ẹni tó máa rín!

MÁ-SỌ̀RÈTÍNÙ: Ẹ má bínú, ìyàwó wa. Àmì rere lèyí jẹ́. Ẹran tó wá wo èèyàn lójú oorun, ìfẹ́ ti wọ̀ ọ́ nìyẹn. Ọjọ́ gbogbo ni ti àgbọ̀nrín, ọjọ́ kan ni ti ọdẹ!

ÌYÁ BỌ́LÁ: Olè ni wọ́n ń pòwe yẹn fún, sà.

BÀBÁ BỌ́LÁ: (ohùn rẹ̀ ti ń gbọ̀n) Bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́, bó bá ro ìyà, bó bá pa ẹran, kò ní fẹ́nì kan jẹ.

ÌYÁ BỌ́LÁ: Ẹ rò ó. Ẹ jókòó kẹ́ ẹ rò ó dáadáa. Ẹ ṣáà pa á ná, a ò ní bá yín jẹ ẹ́.

BÀBÁ BỌ́LÁ: Ọ̀rẹ́ mi, ó tó gẹ́ẹ́. Fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀, ọgbọ́n ni kó o fún mi. Ibo gan-an lo ti pa tìẹ?

MÁ-SỌ̀RÈTÍNÙ: Níbì kan báyìí, létí títì.

BÀBÁ BỌ́LÁ: Ìbọn wo lo lò?

MÁ-SỌ̀RÈTÍNÙ: Kì í kúkú ṣe ọ̀rọ̀ ìbọn. Ọ̀rọ̀ ọkàn ni.

BỌ́LÁ: Ùńkù, irun ẹran há sábẹ́ iná mọ́tò yín tó fọ́.

MÁ-SỌ̀RÈTÍNÙ: Mo ní òkúta ni.

BỌ́LÁ: Òkúta onírun.

(Má-Sọ̀rètínù wo ilẹ̀kùn. Ìyá Bọ́lá ti dúró síbẹ̀.)

MÁ-SỌ̀RÈTÍNÙ: Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Ẹ mọ̀ pé àsìkò tí akọ ń lé abo kiri nìyí. Kì í wọ̀tún, kì í wòsì, ó kàn máa ń já lu títì ni. Èmi ń bọ̀, òun náà ń bọ̀. Mo sì ní ìgbàgbọ́.

ÌYÁ BỌ́LÁ: Odindi ọjọ́ kan tẹ́ ẹ fi jìyà ńkọ́? Inú mọ́tò náà ni?

MÁ-SỌ̀RÈTÍNÙ: Rédíò rẹ̀ ò ṣiṣẹ́! Ẹ ò mọ ohun tí mo là kọjá!

BÀBÁ BỌ́LÁ: O sunkún, o ní o fẹ́ ta ìbọn.

MÁ-SỌ̀RÈTÍNÙ: Iye tí wọ́n ní mo máa fi tún mọ́tò ṣe ni mo gbọ́ tí mo fi sunkún.

BÀBÁ BỌ́LÁ: Èkejì wá ńkọ́? Èyí tó o gbé ìwo rẹ̀ kọ́ ara ògiri?

BỌ́LÁ: Dádì, ìwo yẹn, ẹyọ kan péré ni. Ọdọọdún ni ìwo akọ máa ń wọ́, tí òmíì á tún hù. Ẹni tó bá ṣáà rìn nínú igbó lè ṣa á nílẹ̀ bí ẹni ṣa igi ìdáná.

MÁ-SỌ̀RÈTÍNÙ: Ìbẹ̀rẹ̀ náà kì í ṣe kékeré. Ẹ̀yìn ń dun èèyàn.

(Bàbá Bọ́lá dìde. Kò sọ̀rọ̀. Ó bọ́ fìlà búlúù, ó fi dé ọ̀rẹ́ rẹ̀ lórí. Ó wọ bàtà rẹ̀.)

ÌYÁ BỌ́LÁ: Igbó yìí náà lẹ tún ń lọ? Ilẹ̀ ti ń ṣú o.

BÀBÁ BỌ́LÁ: N ò lọ sígbó. Bọ́lá, bá mi mú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò ìyá ẹ wá.

ÌYÁ BỌ́LÁ: Mọ́tò ta ni?

BÀBÁ BỌ́LÁ: Mo gbà gbọ́.

ÌYÁ BỌ́LÁ: Bàbá Bọ́lá!

BÀBÁ BỌ́LÁ: MO GBÀ GBỌ́!

(Ìyá Bọ́lá ti jókòó lé kọ́kọ́rọ́ lórí. Ẹnikẹ́ni tó bá mọ̀ ọ́n mọ̀ pé kò ní dìde títí àsìkò ọdẹ á fi parí.)

BÀBÁ BỌ́LÁ: Kò burú. Má-Sọ̀rètínù, ká máa lọ. Tìẹ la máa lò. Iná kan ṣì kù níwájú rẹ̀.

MÁ-SỌ̀RÈTÍNÙ: Háà, ọ̀rẹ́ mi. Ṣé o mọ̀ pé ìgbà míì wà tó yẹ kéèyàn kúkú sọ̀rètí nù?