Káàṣì nìkan kọ́ ló ń dá ọwọ́ èèyàn dúró

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, àmọ́ ohun tẹ́ ẹ kọ yẹn lè kó èèyàn síyọnu. Ẹ ní kéèyàn gba gbogbo owó oṣù ẹ̀ jáde lọ́jọ́ tó bá wọlé, kó máa ná káàṣì nìkan, pé owó ò ní tán mọ́. Rárá o. Lóòótọ́, kéèyàn ka owó sílẹ̀ fún oníṣu l'Ọ́jà Ọba Adó máa ń dunni ju kéèyàn tẹ fóònù lọ, ìyẹn ni mo ṣe fara mọ́ káàṣì, àmọ́ pípín tá a bá pín in ló ń ṣiṣẹ́. Èmi, owó oúnjẹ, owó ọ̀kadà àti owó òde nìkan ni mò ń gbà, ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀, mo pín in sí àpòòwé mẹ́ta, tí ti òde bá ti tán, aṣọ ẹbí tó kù ti kọjá mi nìyẹn. Owó ilé àti owó iléèwé ọmọ, ẹ jẹ́ ó wà ní báńkì, nínú àkáǹtì tí ò ní káàdì, torí olè ń bẹ, iná náà ń bẹ.

Ẹ tún wo owó tí wọ́n ń yọ. Láti March 2025, ATM báńkì mìíràn ń yọ ₦100 lórí ₦20,000, tí ẹ̀rọ náà ò bá sì sí lọ́gbà báńkì, wọ́n lè fi tó ₦500 lé e. Ti báńkì yín gan-an, ọ̀fẹ́ ni, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti máa gbà á.