Ọ̀nà Ẹlẹ́sẹ̀ Yìí, Tèmi Náà Ni

Màmá mi ló bi mí ní ìbéèrè tí mi ò rí dáhùn. Mo pè wọ́n lórí WhatsApp láti orí òkè kan lẹ́yìn ìlú Bakewell, nílẹ̀ England. Mo yí fóònù kí wọ́n lè rí odò tó ń lọ́ bí ejò nísàlẹ̀ àti àgùntàn tó fọ́n ká sórí koríko bí òwú tí wọ́n sá sórí ẹní. Wọ́n wò ó títí. “Ó dáa. Ta lo wá kí níbẹ̀?” Mo ní mi ò wá kí ẹnikẹ́ni. “Kí lo wá rà?” Mi ò wá ra nǹkan kan. “Kí ló wá gbé ọ wọ inú igbó òyìnbó?” Mo ní mò ń rìn ni. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. “Ọmọ mi, ṣé kò sí nǹkan tó ń ṣe ọ́?”

Mi ò lè bá wọn jà. Lọ́dọ̀ wa, ọ̀pọ̀lọ́ kì í sáré ọ̀sán lásán. Ẹni tó bá gbéra nílé, oko ló ń lọ, tàbí ọjà, tàbí òde. Ẹni tó kàn ń rìn, tí kò ru ẹrù, tí kò ní ibi tó ń lọ, àwọn ará àdúgbò á bẹ̀rẹ̀ sí í wo ojú rẹ̀ bóyá ó ṣì pé.

Èmi náà ò yàtọ̀. Ọdún mẹ́rin ni mo fi gbé ní Sheffield tí mi ò mọ̀ ju ibi iṣẹ́, ṣọ́ọ̀ṣì, ibùdókọ̀ àti ṣọ́ọ̀bù Áfíríkà tí mo ti ń ra èlùbọ́. Iṣẹ́ òru ni mò ń ṣe, níbi tí a ti ń tọ́jú àwọn arúgbó. Bí mo bá dé láàárọ̀, mo sùn. Bí mo bá jí, ilẹ̀ ti ṣú. Obìnrin arúgbó kan tí mò ń wẹ̀ ló máa ń sọ̀rọ̀ Bakewell fún mi lóròòru, bí òun àti ọkọ rẹ̀ ṣe máa ń wọ bọ́ọ̀sì lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ Ajé, tí wọ́n á fi ẹsẹ̀ rìn títí ẹsẹ̀ á fi máa ta wọ́n. Mo ní kí n lọ wo ohun tí Màmá yìí ń wí. Bọ́ọ̀sì bíi wákàtí kan ni, owó rẹ̀ ò sì ju £3 lọ ní àlọ.

Ẹ wá gbọ́ ohun tó ń dùn mí lọ́kàn. Gbogbo nǹkan ni ìlú yìí ń gba owó rẹ̀ lọ́wọ́ wa. Kí n tó gbé Paracetamol kan mì níbí ni wọ́n ti ń gba owó ìlera mọ́ owó físà, £1,035 fún ọdún kan ṣoṣo báyìí. Owó káńsù ńkọ́? Owó tẹlifíṣọ̀n ńkọ́? Ohun kan wá wà tí wọn ò gba kọ́bọ̀ lé lórí, tí òfin sì fi lé èmi àti ẹ̀yin lọ́wọ́ gẹ́gẹ́ bó ṣe fi lé ọmọ onílẹ̀ lọ́wọ́. Àwa la kọ̀ tí a ò gbà á. Ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ ni mò ń sọ.

Ìlú kékeré ni Bakewell, ní Derbyshire, létí odò Wye. Ọjọ́ Ajé ni ọjọ́ ọjà wọn, ó sì ti lé ní ọgọ́rùn-ún mẹ́fà ọdún tí wọ́n ti ń ná an. Aṣọ, wàràkàṣì, òdòdó, ìbọ̀sẹ̀ onírun àgùntàn, gbogbo rẹ̀ wà lórí àtẹ láàárín ìlú. Ẹ má fi mọ síbẹ̀ o. Ẹ sọdá odò lọ síbi tí wọ́n ti ń ta ẹran ọ̀sìn. Ẹni tó ń kígbe iye owó níbẹ̀, ahọ́n rẹ̀ yá ju ti ẹni tó ń sun rárà lọ, àwọn àgbẹ̀ ò sì ní là ẹnu. Ìka kan ni wọ́n á gbé, tàbí kí wọ́n mi orí, màlúù ti lọ nìyẹn. Mo di ọwọ́ mi méjèèjì sẹ́yìn kí n má lọ ra àgbò tí mi ò bèèrè.

(Oúnjẹ wọn tó lókìkí, Bakewell pudding, ẹyin, álímọ́ǹdì àti jáàmù nínú ìyẹ̀fun ni. Ṣọ́ọ̀bù tó ju ẹyọ kan lọ ló ń jà pé ọwọ́ òun ni ojúlówó wà. Mo jẹ ti méjì. Ṣúgà ló pọ̀ jù nínú méjèèjì.)

Ọjọ́ àkọ́kọ́ yẹn, mo tẹ̀ lé àmì kan jáde kúrò nílùú. Pátákó kékeré ni, wọ́n kọ “Public Footpath” sí i, ọfà rẹ̀ sì nà tààrà sínú pápá olóko. Ògiri òkúta wà níwájú mi, irú èyí tí wọ́n tò láìfi sìmẹ́ńtì kankan sí i, pẹ̀lú òkúta pẹlẹbẹ mẹ́ta tó yọrí jáde fún ẹsẹ̀ láti gùn. Lẹ́yìn ògiri, màlúù bí ogún. Mo dúró síbẹ̀ bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Kì í ṣe màlúù ló bà mí lẹ́rù jù. Ilẹ̀ onílẹ̀ ni mò ń wò. Mo ń rò ó pé èmi dúdú, nínú pápá ẹni ẹlẹ́ni, bí wọ́n bá ké sí ọlọ́pàá ńkọ́?

Àgbẹ̀ náà ló gun alùpùpù ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin dé bá mi níbẹ̀. Mo ti to ẹ̀bẹ̀ mi sẹ́nu. Ó ní kí n gba ẹ̀gbẹ́ òsì nítorí àwọn màlúù tó ní ọmọ wà lápá ọ̀tún, kí n sì ti géètì tí mo bá dé òpin. Ó lọ. Kò bi mí ní ibi tí mo ti wá rárá.

Bí òfin náà ṣe rí nìyí: àgbẹ̀ ló ni ilẹ̀, àmọ́ ará ìlú ló ni ẹ̀tọ́ àtikọjá. Kò gbọ́dọ̀ dí i. Bó bá kọ ebè sórí rẹ̀, ó gbọ́dọ̀ tún un ṣe kí ẹsẹ̀ lè rí ibi gbà. Ọfà aláwọ̀ ìyeyè jẹ́ ti ẹlẹ́sẹ̀ nìkan. Èyí tó bá jẹ́ aláwọ̀ búlúù, ẹlẹ́ṣin àti oníkẹ̀kẹ́ lè bá yín gba ibẹ̀. Bí ẹ bá ra máàpù Ordnance Survey, OL24 ni ti Bakewell, ẹ máa rí wọn bí ìlà aláwọ̀ ewé tó gé kélekèle. Ọ̀nà irú èyí tó wà ní England àti Wales lápapọ̀ tó kìlómítà 225,000.

Ó wá yà mí lẹ́nu pé èmi ni mò ń bẹ̀rù. Oko kòkó bàbá mi àgbà, àárín rẹ̀ gan-an ni àwọn ará abúlé kejì máa ń gbà lọ sí odò. Kò sẹ́ni tó dá wọn dúró rí. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé o ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan kòkó. Ọ̀nà oko ni. Ta ni kò mọ ọ̀nà oko nínú wa?

Ẹ má sì rò pé inúure àwọn ọlọ́lá ni. Ní àríwá Bakewell, òkè kan wà tí wọ́n ń pè ní Kinder Scout. Àwọn olówó ti gbé e sé fún ara wọn kí wọ́n lè máa yìnbọn pa ẹyẹ níbẹ̀. Ní oṣù kẹrin ọdún 1932, nǹkan bí 400 èèyàn, tí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ọ̀dọ́ òṣìṣẹ́ láti Manchester àti Sheffield, gun òkè náà láìgbàṣẹ. Márùn-ún wèwọ̀n. Benny Rothman tó ṣáájú wọn, ọmọ ogún ọdún ni, oṣù mẹ́rin ni wọ́n dá fún un. Òfin tó dá àwọn ọgbà ìjọba (National Park) sílẹ̀ jáde ní 1949, agbègbè Peak District yìí ló sì kọ́kọ́ di irú ọgbà bẹ́ẹ̀ ní 1951. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ kárakára tí ìsinmi wọn ò ju ọjọ́ kan lọ ló jà á gbà. Bí ẹnì kan bá wá sọ fún mi pé ti òyìnbó olówó ni ìrìn yìí, mo máa ń bi í pé òyìnbó wo?

Ibi tí mo fẹ́ràn jù ni Monsal Trail. Ojú irin ni tẹ́lẹ̀, wọ́n tì í ní 1968, wọ́n ká irin nílẹ̀, ó wá di ọ̀nà gbalaja tí kẹ̀kẹ́ arọ pàápàá lè gbà. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibùdó rélùwéè àtijọ́ ní Bakewell. Lẹ́yìn nǹkan bíi wákàtí kan àbọ̀, ẹ máa dé ihò tí wọ́n gbẹ́ gba abẹ́ òkè. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà 500, ó tutù, omi ń kán láti òkè, ohùn yín á sì máa padà wá bá yín. Bí ẹ ṣe ń jáde lẹ ti wà lórí afárá, odò Wye sì jìn réré sísàlẹ̀. Nígbà tí wọ́n kọ́ afárá yẹn láyé ọjọ́un, òǹkọ̀wé John Ruskin bínú gidi. Ó ní wọ́n ba àfonífojì jẹ́ kí òmùgọ̀ ìlú Buxton lè yára dé Bakewell. Afárá yẹn náà làwọn èèyàn ń rọ́ wá yà ní fọ́tò lónìí.

Ní oṣù karùn-ún, inú igbó tó wà létí odò máa ń rùn bí aáyù. Ewé kan ló ń hù níbẹ̀ bí ẹní, ó ní òdòdó funfun, òórùn rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti aáyù inú ìkòkò. Èsìsì náà wà. Mo ti gbàgbé rẹ̀ láti kékeré, àfi ìgbà tó jó mi lẹ́sẹ̀. Wọ́n ní kì í jóni lẹ́ẹ̀mejì, ó jó mi lẹ́ẹ̀mejì lọ́jọ́ kan náà.

Ẹ wọ bàtà gidi. Kánfáàsì funfun tí mo wọ̀ lọ́jọ́ yẹn, ẹrẹ̀ gbé ọ̀kan mì, ọwọ́ ni mo fi fà á yọ. Ẹ yẹra fún màlúù tó ní ọmọ lẹ́yìn. Wọ́n á wò yín o, mi ò ní purọ́. Ọkùnrin kan bi mí bóyá mo ṣìnà. Mo ní rárá, mo tẹ́ máàpù mi. Ló bá rọra bẹ̀ mí pé kí n jọ̀ọ́ fi ọ̀nà abúlé Ashford hàn òun.

Màmá mi ti ń bá mi rìn báyìí lórí fóònù. Wọ́n ti mọ ibi tí ẹja ńláńlá máa ń pọ̀ sí lábẹ́ afárá Bakewell, àwọn tí pẹ́pẹ́yẹ ń bá du búrẹ́dì. Wọn ò tíì gbà pé kò sẹ́ni tó ń kó wọn lọ fi se ọbẹ̀.

Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ ni mo ní ìsinmi. Èèyàn mẹ́ta láti ṣọ́ọ̀ṣì ló ti ní àwọn ń bọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ bá wa lọ, kó gbé móínmóín tirẹ̀ dání. Tèmi ò tó pín.